Aṣọ Ọ̀fọ̀ Tí Mo Fi Ṣe Ikú

Mo rántí ìgbà tí eruku sìmẹ́ǹtì gba gbogbo Ìsọlọ̀ kan. Ayé owó epo rọ̀bì ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ilẹ̀ ló ń kọ́lé. Ẹ̀yìn àwọn ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán ni mo ti ń ṣa àpò sìmẹ́ǹtì, tí mo ń gbọn eruku rẹ̀ dànù, tí mo sì ń rẹ bébà rẹ̀ sínú sítáàṣì. Ẹni tó bá rí mi nígbà náà yóò rò pé orí mi ti dàrú. Ojú Ikú ni mo ń ṣe.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Òṣòdì fẹ́ ṣeré lọ́jọ́ ìkórè. Nínú eré náà, ọlọ́rọ̀ kan kọ́lé kọ́lé, kò rántí Ọlọ́run, Ikú sì wá mú un lọ. Àwọn yòókù ń du ipò ọlọ́rọ̀ nítorí pé yóò wọ léèsì, ṣùgbọ́n èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi mí ṣe Ikú. Olùkọ́ tó ń darí wa kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, kí ẹ̀rù lè ba ìjọ dáadáa. Mo gba iṣẹ́ náà kanrí bí ẹni pé ìjọba ló gbé e fún mi. Mo fi bébà mọ orí tí kò nímú, mo fi èédú kun ihò ojú rẹ̀, mo sì gbẹ́ kùmọ̀, nítorí pé kùmọ̀ ni àwọn bàbá wa ní Ikú ń gbé kiri. Ẹ̀rín Ikú ló pẹ́ mi jù. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni mo ti ń kọ́ ọ. Tí rélùwéè bá ń kọjá ni mo máa ń bú u jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

Aṣọ dúdú ló wá kù. Mo rántí opó tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Awakọ̀ tírélà ni ọkọ rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ló ń gbé bọ̀ láti Àpápá lọ́dún tó ṣáájú tí ọkọ̀ fi yí dànù lọ́nà Apákun, ọsibítù ló sì kú sí. Obìnrin yìí ló máa ń bu ọbẹ̀ fún mi tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, torí ó mọ̀ pé gààrí lásán ni àpọ́n ń mu. Ó ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ó sì ti ká a sínú àpótí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní aṣọ dúdú yín. A fẹ́ fi ṣe dírámà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Àbúrò, wọn kì í fi irú aṣọ yẹn ṣeré o. Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Ìyàwó olóògbé inú eré náà ni."

"Tó bá jẹ́ opó ẹgbẹ́ mi ni, kò burú," ló wí, ó sì lọ ṣí àpótí. Mo rò pé irọ́ kékeré ni, kí àṣírí eré má baà tú.

Lọ́jọ́ ìkórè, bí mo ṣe yọ láti inú yàrá ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, ariwo sọ. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo fi orí ìtàgé sílẹ̀, ohun tí a kò fẹnu kò sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín àga, mo ń fi kùmọ̀ kan orí ẹni kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, opó náà, tó wá bá wa ṣe ìkórè, dìde. Ó di etí aṣọ mú, níbi tó ti fi òwú búlúù lẹ̀ ẹ́.

"Ikú, o mú ọkọ mi. O tún wá gbé aṣọ tí mo fi sunkún rẹ̀ wọ̀."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó wà nínú eré, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú tèmi wà lábẹ́ bébà sìmẹ́ǹtì. Ǹ bá ṣí i. Ó pẹ́ tí mo fi ń tan ara mi pé ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n ṣí i, pé wọ́n tọ́ wa dàgbà pé ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀ kì í ṣí ojú níwájú obìnrin. Irọ́ ni. Ọmọ onígbàgbọ́ ni mí, n kì í ṣe eégún. Àtẹ́wọ́ yẹn ló ń dùn mọ́ mi. Mo gbé kùmọ̀ sókè, mo sì rín ẹ̀rín tí mo kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, mo rín in sí i lójú. Ó jókòó jẹ́jẹ́. Mo padà lọ mú ọlọ́rọ̀.

Mo fọ aṣọ náà, mo lọ̀ ọ́, mo gbé e lọ bá a, mo sì dọ̀bálẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Èmi ni mo wọ̀ ọ́. Eré ni."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Dìde, àbúrò. Mo jókòó ti ọkọ mi ní ọsibítù nígbà tí Ikú wá mú un. Kò rẹ́rìn-ín. Ìwọ lo rẹ́rìn-ín."

Kò bá mi jà. Ó ń bu ọbẹ̀ fún mi bí ó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, n kò sì lè wí pé n kò fẹ́. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn kí n tó jẹ ẹ́, torí ojú ń tì mí láti jẹ ẹ́ níbi tí yóò ti rí mi. Nígbà tó yá, ó kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ọ̀ṣun.

Mo ti darúgbó báyìí. Àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ wa ṣì máa ń sọ ọ́ tí a bá pàdé níbi òkú: "Bàbá, ẹ bá wa rín ẹ̀rín Ikú yẹn kí àwọn ọmọ yìí gbọ́." Mo máa ń sọ pé ọ̀fun ń dùn mí, wọn a sì ní mò ń ṣe fọ́ńté. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni mo gbọ́ pé opó náà pẹ̀lú ti kú, kò sì sẹ́ni tí mo lè bẹ̀ mọ́. Àdúrà mi ni pé kí Ikú tí ó wá mú un ti ṣe jẹ́jẹ́ sí i jù mí lọ.