Fọ́tò inú káàdì rídà tòkúnbọ̀



Mo lọ ra káàdì rídà tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà láti ka káàdì fọ́tò ní Kabba láàárọ̀ yìí. Tuntun wà, tòkúnbọ̀ náà wà. Tòkúnbọ̀ ni mo mú, torí ihò rẹ̀ pọ̀, ó máa gba káàdì kámẹ́rà mi àti ti fóònù.

Ẹni tó ń tà á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ká lè dán an wò.

"Bọ̀dá, káàdì kan ti há sínú rẹ̀ o," ó sọ fún mi.

Ó ṣí i. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ìyá mi ni. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé mi ní Òkè-Bùkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi ti kú kí n tó fi ìpìlẹ̀ ilé yẹn lélẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ màmá yìí ni?"

Mo sanwó, mo gbé e wálé.

Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sun káàdì yìí kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ṣùgbọ́n mi ò ní fọ́tò ìyá mi mìíràn láyé.

Tó bá jẹ́ ìyá tiyín ni, ṣé ẹ máa sun ún?