Ẹ̀bẹ̀ Tí Bàbá Kọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọmọ kékeré ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìwé kẹfà ni, nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ìjerò. Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà. Ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí mo máa ń gbọ́ tí ẹ ń sọ pé ìwà burúkú ọlọ́pàá tàbí ti adájọ́ ló ń sọ aláìṣẹ̀ sẹ́wọ̀n. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, ilé ló ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ni olórí ẹbí. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lágboolé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá, ọ̀nà kan náà ló sì fi ń parí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá kéré jù nínú wọn yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, yóò ní òun jẹ̀bi, ì báà jẹ́ òun ló ṣe é tàbí òun kọ́. Bàbá yóò ní, “Ó tó, dìde,” gbogbo wọn yóò mu omi, ó parí nìyẹn. Tí inú bá ti rọ̀ tán, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wádìí ẹni tó ṣe é gan-an. Èmi náà ti jẹ̀bi ìkòkò tí mi ò fọ́ rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ààyè gbà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ìyá wa ti ra àpótí páànù aláwọ̀ ewé fún un, wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ìdérí, a sì máa ń fà á jáde lábẹ́ ibùsùn láti wò ó. Kí ọjọ́ ìwọlé tó pé, ó ń bá ọkùnrin kan tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ru àpò. Lọ́jọ́ kan, àpò kòkó kan di àwátì. Ẹ̀gbọ́n mi ló kúrò níbi iṣẹ́ kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, ni oníkòkó bá lọ fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Wọ́n mú un, bàbá gba béèlì rẹ̀, wọ́n sì dá ọjọ́ kóòtù.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Tí o bá ti rí adájọ́, dọ̀bálẹ̀. Ní o jẹ̀bi, kí ó foríjì ọ́. Yóò ní kí o dìde, a ó sì máa bọ̀ nílé.”

“Bàbá, ṣùgbọ́n mi ò mú un.”

“Ta ló ní o mú un? Ṣé ẹni tó bá mú nǹkan nìkan ló ń bẹ àgbà ni?”

Mo dá sí i. Olùkọ́ wa ti kọ́ wa lọ́sẹ̀ yẹn nípa kóòtù. Mo ní, “Tíṣà wa sọ pé ẹni tí kò bá ṣe nǹkan, kó sọ pé òun ò jẹ̀bi.”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wá wo lọ́yà wa. Lọ́yà, gbé garawa, kí o lọ pọnmi.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbé garawa. Mi ò tún un sọ.

Ìyá mi mú mi dání lọ sí kóòtù. Adájọ́ jókòó lókè, akọ̀wé kóòtù wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ńlá. Ògbufọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni adájọ́ ń sọ. Ọlọ́pàá tó ń pẹjọ́ kì í ṣe ẹni tó mú ẹ̀gbọ́n mi. Tirẹ̀ ni kó ka ẹ̀sùn, ó sì kà á dáadáa. A ò ní lọ́yà. Olúkúlùkù ló mọ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Mo ń wá ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò rí i.

Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó jẹ̀bi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Mo jẹ̀bi, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.”

Adájọ́ yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní kí ògbufọ̀ tún un bi: ṣé ẹ̀sùn náà yé e, ṣé òun ló mú àpò náà? Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sókè, ó wo bàbá. Bàbá dojú àtẹ́lẹwọ́ kọ ilẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nílé: má tíì dìde.

“Èmi ni, sà. Mo jẹ̀bi.”

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Adájọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí kí wọ́n ní kí ọmọ òun dìde. Ọlọ́pàá méjì ló gbé e dìde. Bàbá wá bi ògbufọ̀ pé, “Ṣé ó ti parí?”

“Ó ti parí, bàbá. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.”

Ní oṣù kẹta tí ẹ̀gbọ́n mi ti wà lẹ́wọ̀n, oníkòkó wá sí ulé wa, bí àwa ará Èkìtì ṣe ń pe ilé. Wọ́n ti rí àpò náà. Awakọ̀ rẹ̀ ló ṣèèṣì kó o mọ́ ẹrù tó ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá kò lè sọ pé ó tó. Àwọn tó mọ̀wé tí a lọ bá ní ọjọ́ tí a lè fi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti kọjá, àti pé ẹnu ọmọ wa fúnra rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lo oṣù mẹ́fà náà tán tó sì dé, ó ti rù, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ti fi ẹlòmíràn sí ààyè rẹ̀. Lójú gbogbo wa, bàbá mi, olórí ẹbí, fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dì í mú léjìká.

“Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ̀bẹ̀ ló gbé mi lọ.”

Kò pariwo. Lọ́sẹ̀ kejì ó lọ sí oko kòkó níhà ìlú Oǹdó, kò sì padà wá gbé ilé mọ́. Bàbá kò parí ìjà fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí ó fi kú.

Nǹkan ti yí padà lónìí. Èkìtì ti di ìpínlẹ̀ tirẹ̀, ìjọba ní àwọn lọ́yà tó ń gba ẹjọ́ tálákà rò, àwọn ọmọ náà sì ń dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, nígbà mìíràn ju bó ṣe yẹ lọ. Inú mi kì í bàjẹ́ sí ìyẹn tó bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe rò. Ní kíláàsì mi, títí mo fi fẹ̀yìn tì, bí nǹkan bá fọ́, mi ò gbà kí ọmọ kankan kúnlẹ̀ kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Mo ń sọ fún wọn pé èèyàn lè bọ̀wọ̀ fún àgbà lórí ìdúró, kó sì sọ òtítọ́.

Èmi ni mo padà gbé àpótí aláwọ̀ ewé náà lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó wà lábẹ́ ibùsùn mi títí di òní. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló ṣì wà lórí ìdérí rẹ̀.