Olùkọ́ Tó Ní Ọgọ́rùn-ún Ìgbà Tó

"Màmá, ẹ má pè mí mọ́ títí mo fi máa ṣe tán." Ìkìlọ̀ ọmọbìnrin mi láàárọ̀ yìí rán mi létí olùkọ́ tó kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà ní Ayétòrò, tó máa ń fi èékánná gbá tábìlì bó bá ń ronú.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ fẹ́ kí aago inú ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà máa dá iṣẹ́ dúró ní ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí kọ̀ǹpútà lè wo iṣẹ́ mìíràn tó kàn láti ṣe.

"Ọgọ́rùn-ún tó," olùkọ́ náà wí. "Ìdádúró kọ̀ọ̀kan ń jẹ bátìrì sólà wa, ó sì ń jẹ àkókò iṣẹ́."

Ó rí mi lójú fèrèsé. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo yọjú pe ọmọ mi lọ́jọ́ náà nìyẹn.

"Màmá, ìgbà wo lọ́mọ yín fẹ́ ṣiṣẹ́?"

Mo bínú lọ. Nígbà tó yé mi pé òótọ́ ló sọ, tí mo padà lọ dúpẹ́, wọ́n ti gbé olùkọ́ náà lọ sílé ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ ọmọ yín.