Ẹnjiníà Tó Kó Àwọn Bíríkìlà Mi Lọ

Kí ẹnjiníà obìnrin tó wá sí sáìtì wa ní Ìsọlọ̀ tó sọ ohunkóhun, á kọ́kọ́ fọwọ́ ra ògiri, á ní, "Ta ló mọ ògiri tó gún báyìí?"

Oṣù méjì ni èmi fóòmàn fi pariwo pé kí àwọn bíríkìlà máa fi fóònù ya fọ́tò iṣẹ́ òòjọ́ wọn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Wọn ò ṣe é. Ẹnjiníà ya fọ́tò ògiri tí Bàbá tó dàgbà jù nínú wọn mọ, ó fi han gbogbo wọn: "Ẹ wo ọwọ́ àgbà!" Lọ́jọ́ kejì, kálukú ń ya tiẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n mo ń jowú obìnrin náà, kódà nígbà tí mo bá ń gbàdúrà.

Mo bi Bàbá pé, "Kí ni obìnrin yìí fún yín jẹ?"

"Fóòmàn, ọdún mẹ́jọ la ti jọ ń ṣiṣẹ́. O ò yìn mí rí."