Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Gbé Mì

Títí di òní, bí ohùn ọmọdé púpọ̀ bá ń ròkè lẹ́ẹ̀kan náà, oorun a máa gbé mi. Ilé kéwú ló fà á. Abẹ́ igi odán kan ní Ọ̀yọ́ ni ààfáà wa máa ń tẹ́ ẹní sí, láyé ìgbà tí gbogbo àgbà ń ké Sáàpù, Sáàpù, ètò ìjọba tó mú kí gbogbo nǹkan wọ́n, tí àwa ọmọdé ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oòrùn àárọ̀ á gba àárín ewé bọ́ sórí wàláà, òórùn tàdáwà tí wọ́n fi kọ ọ́ á gbafẹ́fẹ́ kan, kálukú á máa ké ẹsẹ tirẹ̀. Ohùn gbogbo wa á para pọ̀, ojú mi á sì máa rọra pa dé. Àtòrì ààfáà ló ń jí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fi ọdún méjì jù mí lọ, ló ń jókòó tì mí. Èmi nìkan ni mo mọ àṣírí rẹ̀. Kò mọ lẹ́tà kankan. Wàláà á dojú kodò lọ́wọ́ rẹ̀, á sì máa ké e geere, débi pé àwọn tó ń kọjá lọ á dúró gbọ́ ọ. Mo ti kà á sí i létí lẹ́ẹ̀kan ṣáájú ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ó tán, kò tún ní kúrò lórí rẹ̀ mọ́.

Ní tèmi, ojú mi mọ̀wé, ṣùgbọ́n ajere lorí mi. Bí wọ́n bá ti gba wàláà lọ́wọ́ mi, gbogbo rẹ̀ ti jò tán. Lọ́nà kànga ni ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń fi ohùn kọ́ mi títí á fi wọlé sí mi lórí. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n tèmi ni kì í jẹ́ kí wọ́n na ẹ̀gbọ́n mi, tirẹ̀ ni kì í jẹ́ kí wọ́n nà mí pa. Ará ilé ò mọ̀. Wọ́n ní ọlọ́pọlọ pípé ni ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní èmi gbé oorun wáyé. Ká má parọ́, ó ń dùn mí, mo sì ń jowú.

Ìyá wa ń tajà l'Ọ́jà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wálé. Ó ti sọ ọ́ gbangba pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá ka wàláà rẹ̀ yanjú lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dán wa wò, á dúró sí ilé kéwú. Bí kò bá kà á, òun á mú un lọ sọ́jà. Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ ọjà. Kéwú ni gbogbo ayé rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ààfáà àgbà kan ló wá gbọ́ wa. Gbogbo ọmọ ló bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi, bàbá náà yí wàláà rẹ̀ padà, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìka lé àárín rẹ̀.

"Ìyá mi, ti ibí bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi wo wàláà. Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ló fẹ́. Bó bá ti gbọ́ ọ, á ké e dópin. Mo rí ọ̀rọ̀ náà kedere. Mo rántí pé wọ́n ní mo gbé oorun wáyé. Mo panu mọ́. Ó tọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbójú sókè, mò ń wo ewé odán.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá wa di ẹrù ẹ̀gbọ́n mi. Ní gáréèjì, bí mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń kún díẹ̀díẹ̀, mò ń sunkún, mi ò lè wo ẹ̀gbọ́n mi lójú. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú mi.

"Má da ara rẹ láàmú," ló wí. "Mo mọ̀ pé o ò rí wàláà mi níbi tí o jókòó sí, kò sì sí lórí rẹ. Èmi ni mi ò kọ́ ọ kó wọlé tó."

Mo ní lóòótọ́ ni, mi ò rí i.