Ọwọ́ Òsì Rafíátù Lábẹ́ Òkun

Ọjọ́ tí èmi àti Rafíátù ọmọ mi wọ inú òkun kò ní parẹ́ lọ́kàn mi láéláé. Rafíátù a máa kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ òkun ní ìlú òkèèrè tí ó ń gbé, mo sì ti Ọjà'ba lọ kí i.

Ó kìlọ̀ fún mi: "Bàbá, bí rọ́bà tí ẹ fi ń mí bá bọ́ lẹ́nu yín, kíá ni kí ẹ gba èkejì lọ́wọ́ mi."

"Ọmọ Ìbàdàn kì í bẹ̀rù omi."

"Odò Ògùnpa kọ́ nìyí o, Bàbá!"

A pọn agolo afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, a sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọkọ̀ kan tí ó ti rì tipẹ́ síbi tí omi kò jìn. Ewé òkun àti ìkarahun ti bo irin rẹ̀. Ẹja aláwọ̀ ìyeyè ń wọlé, wọ́n ń jáde ní fèrèsé rẹ̀ bí èrò ọjọ́ ọdún. Níbi tí mo ti ń wòran, irin kan kọ́ rọ́bà mi, ó sì fà á yọ kúrò lẹ́nu mi.

Rafíátù fi ọwọ́ ọ̀tún gbá mi mú, ó fi òsì na rọ́bà kejì sí mi. Èmi tí a fi pàṣán kọ́ pé ọmọdé kì í fi òsì fún àgbà ní nǹkan, mo ti ọwọ́ náà dànù! Àyà mi ń jó bí iná. Ó tún nà án. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tì í bọ̀ mí lẹ́nu. Mo mí.

Nígbà tí a jáde, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni mo fi fún yín." Mo di ọwọ́ náà mú.

Láti ọjọ́ náà, bí ọmọdé kan nínú agboolé wa bá fi òsì gbé omi fún mi, mo máa ń mu omi náà tán kí n tó bá a wí.