Òórùn Tí Mo Lọ Wò ní Ìgàndó

Ìwà òmùgọ̀ ni mo kọ́kọ́ hù. Mo búra níwájú ará ilé pé Àbẹ̀kẹ́, ọmọ olóògbé ẹ̀gbọ́n mi tí mo tọ́ dàgbà, kò ní lọ́kọ ní Ìgàndó, bẹ́ẹ̀ n kò dé ibẹ̀ rí. Wọ́n ní ìyá ọkọ ń ṣe fùfú tà, pé òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi ń dá àìsàn síni lára. Àbẹ̀kẹ́ sunkún títí, ó ní kí n kúkú lọ fojú ara mi rí i, pé ohun tí mo bá bọ̀ wá sọ ni òun yóò gbà.

Mo kúrò ní Abẹ́òkúta kí ilẹ̀ tó mọ́, mo di ààbọ̀ àlùbọ́sà sínú aṣọ ìnujú. Ààbò mi nìyẹn. Ọ̀nà Ọ̀tà ń dán, owó epo rọ̀bì ti dé ibẹ̀. Láti Ìkòtún lọ, erùpẹ̀ pupa ṣá ni. Awakọ̀ gba ogún kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, ó sì tún ní ká sọ̀ kalẹ̀ wá bá òun ti ọkọ̀.

Mo gbóòórùn ilé náà kí n tó rí i. Mo tẹ àlùbọ́sà mọ́mú, omijé bo ojú mi. Ìyá ọkọ rò pé ẹkún fífa ọmọ fọ́kọ ni mò ń sun. Ó kúnlẹ̀, ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ojú tì mí, mo sọ àlùbọ́sà sápò.

Nílé wa, yàrá là ń mú àlejò wọ̀. Níbí, ẹ̀gbẹ́ àgbá ẹ̀gẹ́ gan-an ni wọ́n gbé àpótí fún mi sí. Wọ́n fún mi ní fùfú àti ẹja àrọ̀. Kí n tó jẹ ẹ́ tán, n kò gbóòórùn kankan mọ́. Mo béèrè bóyá wọ́n ti da omi ẹ̀gẹ́ nù.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Omi wà níbẹ̀, bàbá wa. Imú yín ló ti di ará ilé.”

Mo sùn síbẹ̀ mọ́jú, síbẹ̀ n kò gbà. Jálẹ̀ ọ̀nà àbọ̀ ni mò ń ro bí n ó ṣe sọ ọ́ fún Àbẹ̀kẹ́ pé inú ilé tí kì í rùn rárá la ti tọ́ ọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Òórùn kan gbá mi nímú lẹ́nu ọ̀nà, mo dúró gbagidi. Ìyàwó mi, aláró tí ìkòkò èlú rẹ̀ kún ẹ̀yìnkùlé, jáde wá pàdé mi. Àbẹ̀kẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò mí lẹ́nu. Mo bi wọ́n pé kí ló kú síbí.

“Nǹkan kan ò kú, Bàbá Ṣèyí,” ni ìyàwó mi wí. “Aró mi ni. Ogún ọdún lẹ ti ń mí in símú. Ẹ wọlé wá jẹun jàre. Kí ẹ tó jẹun tán, kò ní rùn mọ́, kí ẹ wá dá ọjọ́ ìyàwó fún ọmọ.”